Màmá Kíákíá àti Ajá Tí Wọn Ò Jẹ́ Kó Sáré

Ìyá àgbà mi pọn ajá. Ó sàn kí n tètè fi ẹnu ara mi sọ ọ́ kí ẹlòmíràn tó bá mi sọ ọ́, nítorí kò sí ará àdúgbò wa ní Olódi-Àpápá tí kò fojú ara rẹ̀ rí i. Wọ́n á gbé ajá náà sẹ́yìn, wọ́n á fi ìró àǹkárá dì í, wọ́n á fi ọ̀já gbà á. Orí ajá á yọ lókè èjìká wọn, etí rẹ̀ á máa mì, wọ́n á sì máa rọra sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn ilé wa bí ẹni tó gbé ẹyin. Àwọn ọmọdé á tò sí ìsàlẹ̀, wọ́n á máa pàtẹ́wọ́. Àwọn àgbà á yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kí wọ́n lè rẹ́rìn-ín. Tí ìyá àgbà mi bá dé ìsàlẹ̀, wọ́n á tú ọ̀já, wọ́n á gbé ajá sórí iyanrìn, wọ́n á sì sọ fún un pé, "Ó yá, tọ̀ kíá, àmọ́ má sáré."

Ohun tó mú kí ọ̀rọ̀ náà pa àwọn èèyàn lẹ́rìn-ín tó bẹ́ẹ̀ ni pé Màmá Kíákíá ni gbogbo Olódi ń pè wọ́n. Láti ìgbà èwe wọn ni wọ́n ti ń bá àwọn oníṣòwò gba ẹrù jáde ní pọ́ọ̀tù Tin Can, nígbà tí obìnrin tó ń ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ kò pọ̀. Ìdúró ni wọ́n fi ń jẹun. Bí wọ́n bá ń gbàdúrà òwúrọ̀, bí a bá ṣe ń ṣe àmín kan ni wọ́n ti ń wọ bàtà. Nígbà tí mo wà ní kékeré, tí wọ́n bá dì mí lọ́wọ́ mú lọ sí ọjà, ẹsẹ̀ mi kì í kan ilẹ̀ dáadáa. Ńṣe ni mo máa ń fò tẹ̀ lé wọn bí ọ̀rá tí afẹ́fẹ́ ń gbé. Mo bi wọ́n léèrè lọ́jọ́ kan pé kí ló dé tí a máa ń sáré báyìí. Wọn ò tilẹ̀ dúró kí wọ́n tó dáhùn. Wọ́n ní, "Àbẹ̀kẹ́, ẹni tó bá rọra rìn ní pọ́ọ̀tù, ẹlòmíràn ló máa gbé ẹrù rẹ̀ jáde."

Kì í ṣe àwọn ni wọ́n ní àwọn fẹ́ ajá náà. Olè ló fo ọgbà wa, ó tú ẹ̀rọ tó ń fa omi lọ, ni bàbá mi bá lọ ra ọmọ ajá bóbóẹ̀lì kan wá, irú èyí tó jẹ́ pé bó bá dàgbà, orí rẹ̀ á tó ìkòkò ọbẹ̀. Ìyá àgbà mi wò ó láti òkè dé ilẹ̀. Wọ́n ní àwọn ti bímọ, àwọn ti tọ́mọ, àwọn ò ní tọ́ ajá. Ọmọ ajá náà rìn lọ bá wọn, ó jókòó lé ẹsẹ̀ wọn méjèèjì, ó sì sùn lọ. Wọn ò lè gbé ẹsẹ̀. Ìyẹn ni ìgbà àkọ́kọ́ tí mo rí i tí Màmá Kíákíá jókòó sójú kan láì sí ẹni tó bẹ̀ wọ́n. Nígbà tó jí, wọ́n sọ ọ́ ní Kòsẹ́jọ́. Bàbá mi ní irú orúkọ wo nìyẹn fún ajá. Wọ́n ní, "Olè tó bá gbójú sókè rí i, kò tún sí ẹjọ́ tó máa bá ẹnikẹ́ni rò mọ́."

Nígbà tí a gbé e lọ gba abẹ́rẹ́ lọ́dọ̀ dókítà ẹran kan ní Àpápá, ìyá àgbà mi ti pinnu bí wọ́n ṣe máa tọ́ ọ. Wọ́n sọ fún dókítà náà, ọmọbìnrin kan tí kò tíì ju ọgbọ̀n ọdún lọ, pé láràárọ̀ ni èmi àti ajá á máa sáré láti ilé wa dé Màlúù Road, ká tún sáré padà, kó lè yára lágbára.

Dókítà náà gbé abẹ́rẹ́ sílẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́, Mà, ẹ má ṣe é."

"Kí ló dé?"

Ó mú ẹsẹ̀ iwájú Kòsẹ́jọ́, ó sì ní kí ìyá àgbà mi fọwọ́ kan oríkèé rẹ̀. "Ẹ rí i bó ṣe tóbi níbí? Ibi tí egungun ti ń ga nìyí. Ó ṣì rọ̀. Bí ẹ bá ń fi eré ọ̀nà jíjìn àti fífò dà á láàmú, ó lè wọ́, ó sì lè sán. Egungun irú ajá tí kì í tóbi máa ń tètè gbó, àmọ́ ti irú èyí máa pẹ́. Ó máa ju ọdún kan lọ dáadáa."

"Ṣé kó wá jókòó ní gbogbo ìgbà yẹn ni?"

"Rárá, Mà. Ó máa rìn, ó sì máa ṣeré. Ìrìn kúkúrú, kó sinmi, kó tún rìn nígbà tó bá yá. Kó ṣeré lórí iyanrìn tàbí koríko. Bó bá jókòó, ó ti rẹ̀ ẹ́ nìyẹn, ẹ má fi okùn wọ́ ọ. Ẹ má jẹ́ kó máa gun àtẹ̀gùn, ẹ má jẹ́ kó máa fò láti ibi gíga, ẹ má sì jẹ́ kó sanra jù."

Nínú kẹ̀kẹ́ tó gbé wa padà, ìyá àgbà mi gbé ajá lé itan, wọ́n ń fi àtàǹpàkò tẹ oríkèé rẹ̀ jẹ́jẹ́. A ti fẹ́rẹ̀ẹ́ délé kí wọ́n tó sọ pé, "Ọmọ yẹn kéré, àmọ́ òótọ́ ló sọ. Ohun tí kò tíì gbó, a kì í gbé ẹrù lé e."

Bí ọ̀rọ̀ pípọn ajá ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì là ń gbé, ìgbà òjò sì ni. Bí òjò bá rọ̀ ní Olódi, ìsàlẹ̀ ilé wa di odò. Ajá kò lè sùn nísàlẹ̀, kò sì gbọ́dọ̀ gun àtẹ̀gùn. Nígbà tó ṣì kéré, àyà ni wọ́n fi ń gbé e. Bó ṣe ń wúwo, ó bọ́ sẹ́yìn. Ilẹ̀ pálọ̀ wa tó jẹ́ táìlì tó ń yọ̀, wọ́n tẹ́ kápẹ́ẹ̀tì àtijọ́ àti àpò ìrẹsì sí i kí ẹsẹ̀ rẹ̀ má baà máa ya sọ́tùn-ún sósì. Àlejò tó bá kọsẹ̀, wọ́n á kí i pẹ̀lẹ́. Wọn ò ní kó àpò náà.

Bí ajá ṣe máa rìn tó lóde, orin ìsìn ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n. Orin kan fún oṣù kan tó ti lò láyé. Nígbà tó pé oṣù mẹ́ta, a ó kọ orin mẹ́ta, pẹ̀lú gbogbo ẹsẹ rẹ̀. Ibi tí àmín bá bá wa, ibẹ̀ la ti máa yí padà. Kò sí ohun tó kàn wọ́n nípa ibi tí à ń lọ. Lọ́jọ́ kan, ọ̀rẹ́ wọn tí wọ́n jọ wà nínú ẹgbẹ́ akọrin, Ìyá Bísí, ní kí wọ́n wá gba ẹja tútù tó rà sílẹ̀ fún wọn. A rìn títí, a ti ń wo ojú ilé náà, ó ku bí ilé mélòó kan péré. Àmín dé. Ìyá àgbà mi yí ajá padà.

Ìyá Bísí yọjú láti ojú fèrèsé. "Màmá Kíákíá! Ibí ni mo wà! Níbo lẹ tún ń lọ?"

Ìyá àgbà mi kò tilẹ̀ dúró. "Orin ti tán, Ìyá Bísí. Tó bá di oṣù tó ń bọ̀, a máa dé ọ̀dọ̀ rẹ."

Nígbà tí Kòsẹ́jọ́ wá wúwo kọjá ohun tí ẹ̀yìn arúgbó lè gbé, a rò pé ọ̀rọ̀ ti parí. Òjò ti dáwọ́ dúró nígbà náà. Ìyá àgbà mi ní kí a gbé bẹ́ẹ̀dì àwọn sọ̀ kalẹ̀ sínú ṣọ́ọ̀bù kan tó ṣófo nísàlẹ̀ ilé. Àbúrò bàbá mi, Àǹtí Fúnkẹ́, sáré wá láti Súrùlérè. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù náà, ó kó ọwọ́ lé orí.

"Màmá, ẹ ní pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí bàbá wa kọ́, ẹ wá ń sùn ní ṣọ́ọ̀bù nítorí ajá? Kí ni àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì máa sọ?"

Ìyá àgbà mi ń tẹ́ bẹ́ẹ̀dì wọn lọ. "Wọ́n á sọ pé mo wà nísàlẹ̀. Òótọ́ sì ni."

Bàbá mi kò bá wọn jà ní tiwọn. Wọ́n kàn jókòó sórí bẹ́ńṣì lọ́jọ́ náà, wọ́n ń wò bí ìyá wọn ṣe ń fi aṣọ tútù nu ẹsẹ̀ ajá, wọ́n sì rẹ́rìn-ín. "Màmá, ẹ ò pọ̀n mí tó báyìí o."

Ẹ̀rín ni wọ́n fi sọ ọ́, àmọ́ gbogbo ilé wa ló mọ ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀. Nígbà tí bàbá mi wà ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ìyá àgbà mi ní kí wọ́n fò wọ́n kọjá kíláàsì kan, lẹ́yìn náà wọ́n tún ní kí wọ́n fò wọ́n kọjá òmíràn. Bàbá mi dé ilé-ẹ̀kọ́ girama, àwọn ló kéré jù. Àga ga jù fún wọn, àwọn ẹgbẹ́ wọn ń nà wọ́n, ìdánwò ń dà wọ́n rú. Wọ́n sá lọ bá ẹ̀gbọ́n ìyá wọn ní Abẹ́òkúta, wọ́n sì kọ̀, wọn ò padà sílé fún sáà kan gbáko. N kò gbọ́ rí kí ìyá àgbà mi sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀. Lọ́jọ́ náà, wọ́n dáwọ́ dúró pẹ̀lú aṣọ tí wọ́n fi ń nu ẹsẹ̀ ajá.

"Mi ò mọ̀ nígbà náà, Adéyínká. Ní báyìí tí mo wá mọ̀, ṣé kí n má lò ó ni?"

Bàbá mi dìde, wọ́n gba aṣọ lọ́wọ́ ìyá wọn, wọ́n sì nu ẹsẹ̀ ajá tó kù.

Ìjà tó le jù tí mo rí tí ìyá àgbà mi jà, orí Kọmándò ni. Ìyá kan náà ló bí Kọmándò àti Kòsẹ́jọ́. Aládùúgbò wa, Mọ́ńdè, ló ra Kọmándò lọ́jọ́ tí bàbá mi ra tiwa. Ẹgbẹ́ mi ni Mọ́ńdè. Tírélà ló ń wà, ó ń gbé kọ̀ǹténà jáde láti Tin Can. Ajégúnlẹ̀ ni wọ́n ti bí i, Warri ni àwọn òbí rẹ̀ ti wá, Yorùbá rẹ̀ sì já gaara, àmọ́ bí inú bá ń bí i, Píjìn ló máa bọ́ sí. Ó fẹ́ràn ajá rẹ̀ gan-an. Ó kàn gbà pé ìyà ni ń sọ ajá di akọni. Bí kò bá sí lójú ọ̀nà, á so táyà kékeré mọ́ Kọmándò, òun á gun ọ̀kadà, ajá á máa sá tẹ̀ lé e. Bí wọ́n bá dé, á ní kó gun orí tírélà tó wà níwájú ilé, kó sì fò bọ́ sílẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ á hó yèè.

Ìyá àgbà mi lọ bá a. "Mọ́ńdè, ọmọdé ni ajá yìí. Oríkèé rẹ̀ kò tíì gbó."

"Mama, dis one na soja."

"Ṣé wọ́n ń gba ọmọ ọwọ́ sí sọ́jà ni?"

Àwọn ọ̀dọ́ rẹ́rìn-ín, ìtìjú sì mú Mọ́ńdè. "Mama, I respect you, but na my dog."

"Ó dáa. Ajá rẹ ni."

Láti ọjọ́ náà, ìyá àgbà mi kì í jẹ́ ìkíni rẹ̀ mọ́. Mọ́ńdè á tẹríba, ìyá àgbà mi á máa wo wáyà iná lókè. Mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n má bínú mọ́. Wọ́n ní, "Ta ló ń bínú? Mò ń dúró dè é ni."

Ìdúró náà kò pẹ́. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, ìyàwó Mọ́ńdè ń lu ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù wa. Ọkọ rẹ̀ kò sí nílé. Ó ti wà lórí ìlà tírélà láti ọjọ́ mélòó kan, ó ń dúró kó kàn án láti wọ Tin Can. Kọmándò ti gun orí tírélà aládùúgbò kan, ó fò bọ́ sílẹ̀ bí wọ́n ṣe kọ́ ọ, kò sì lè dìde. Nígbà tí a débẹ̀, ó dùbúlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, orúnkún ẹsẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ ti wú. Kò gbó. Ó kàn ń wò wá.

Mo pe dókítà. Ó ní kí a gbé e wá, kí a má jẹ́ kí ẹsẹ̀ náà máa mì. Ìyá àgbà mi tẹ́ ìró méjì sínú báàfù oníke ńlá kan, a rọra gbé ajá sí i. Kò sí kẹ̀kẹ́ tó lè kọjá, nítorí tírélà ti dí gbogbo Màlúù Road. Ọlọ́kadà tí a dá dúró wo inú báàfù, ó ní, "Mama, I no dey carry dog," ó sì bá tirẹ̀ lọ. Ìyá àgbà mi mú etí báàfù kan, mo mú ìkejì, ó di ọ̀nà.

Àárín tírélà sí tírélà kò fẹ̀ ju kí ènìyàn fi ẹ̀gbẹ́ rìn. Àwọn dírẹ́bà ń fọ eyín, wọ́n ń se oúnjẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà. Ọ̀kan pariwo pé, "Mama, na goat you carry so?" Ìyá àgbà mi kò wo ọ̀dọ̀ rẹ̀. Mo gbọ́ bí wọ́n ṣe ń mí. Mo ní kí a sinmi, wọ́n ní kí n máa wo iwájú.

Bẹ́ẹ̀ la ṣe ṣe kòńgẹ́ Mọ́ńdè. Ó jókòó sẹ́nu ilẹ̀kùn tírélà rẹ̀, ó ń rin pákò. Ó rí báàfù, ó rí orí tó yọ níbẹ̀, pákò sì já bọ́ lẹ́nu rẹ̀.

"Kọmándò! Mama, wetin happen?"

Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tí ìyá àgbà mi bá a sọ láti ọjọ́ ìjà náà nìyí: "Ó fò bí o ṣe kọ́ ọ."

Mọ́ńdè bẹ́ sílẹ̀. Bó ṣe fẹ́ mú báàfù ni àwọn tó wà níwájú bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo pé ìlà ti ń sún. Ẹ́ńjìnnì ń dún lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọmọ ọkọ̀ rẹ̀ ti lọ wá omi. Bí Mọ́ńdè bá kúrò níbẹ̀, àwọn mìíràn á já síwájú rẹ̀, yóò sì padà sí ìdí ìlà lẹ́yìn gbogbo ọjọ́ tó ti fi dúró. Ó wo iwájú, ó wo ajá, ó tún wo iwájú. Mo rò pé ìyá àgbà mi máa bú u. Wọn ò bú u. Wọ́n rọra sọ pé, "Mọ́ńdè, tírélà yìí á wọ Tin Can lọ́jọ́ kan. Ẹsẹ̀ yìí kò ní lè dúró dè ọ́."

Mọ́ńdè yọ kọ́kọ́rọ́. Fèrè ń dún lẹ́yìn wa, èébú ń fò ní oríṣiríṣi èdè, ó gba etí báàfù lọ́wọ́ ìyá àgbà mi. Wọ́n bọ́ síwájú, wọ́n ká ìró wọn sókè, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í la ọ̀nà fún wa láàárín àwọn ọkọ̀. Mo wá rí obìnrin tí wọ́n máa ń sọ pé ó ń gba ẹrù jáde láàárín àwọn ọkùnrin. "Ẹ yà! Ẹ yà fún wa! Kíákíá!" Àwọn tírélà kò lè yà, àmọ́ àwọn ènìyàn yà.

Dókítà ya fọ́tò egungun ẹsẹ̀ náà. Ibi rírọ̀ nítòsí orúnkún ló sán, àmọ́ kò tíì yẹ̀ kúrò ní àyè rẹ̀. Ó fi nǹkan líle dì í, ó sì sọ pé ajá gbọ́dọ̀ sinmi fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀. Mọ́ńdè jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó fi ọwọ́ bo ojú.

"I just want make e strong, Mama."

Ìyá àgbà mi jókòó tì í lórí ilẹ̀ náà. "Mo mọ̀. Èmi náà fẹ́ kí ọmọ mi lágbára, mo sì tì í ju bó ṣe yẹ lọ. Ìfẹ́ ló ń mú wa ti ọmọ, Mọ́ńdè. Ìfẹ́ náà ló yẹ kó mú wa dúró dè é."

Mọ́ńdè pàdánù àyè rẹ̀ lórí ìlà lóòótọ́, ó sì tún sun ojú ọ̀nà fún ọjọ́ díẹ̀. N kò gbọ́ kó ráhùn. Nígbà tó dé, ó wá sí ṣọ́ọ̀bù wa, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Ìyá àgbà mi kò wo wáyà iná. Mọ́ńdè dìde, ó wo ọ̀tún, ó wo òsì bóyá àwọn ọ̀dọ́ ń gbọ́, ó wá fohùn kékeré sọ pé, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, báwo lẹ ṣe ń so ọ̀já yẹn?"

Ọjọ́ Àìkú kan ni ìyá àgbà mi jáde láyé, lẹ́yìn ìsìn àti oúnjẹ ọ̀sán, lórí àga tí wọ́n sùn sí pẹ̀lú ìrọ̀rùn. Wọn ò ṣàìsàn tó pẹ́. Omijé wa pọ̀, àmọ́ bí àwọn tó wá kí wa bá ṣe ń sọ ìtàn wọn, bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀rín ń bọ́ sí i. Bí wọ́n bá sì ní kí èmi mú ọjọ́ kan péré, èyí tí mo máa mú nìyí.

Dókítà ti yẹ oríkèé Kòsẹ́jọ́ wò lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ti tún ya fọ́tò rẹ̀, ó sì ti sọ pé kò sí ibi rírọ̀ mọ́. Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, a lọ sí pápá ilé-ẹ̀kọ́ kan ní Àpápá tí wọ́n gbà wá láyè láti lò. Bàbá mi wà níbẹ̀. Mọ́ńdè náà wà níbẹ̀ pẹ̀lú Kọmándò, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti jinná, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ṣì ń tiro díẹ̀ bó bá ń rìn. Ìyá àgbà mi bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, wọ́n tú okùn lọ́rùn Kòsẹ́jọ́. Ajá náà kò lọ. Ó dúró tì wọ́n, ó ń wo ojú wọn, nítorí kò mọ̀ pé wọ́n lè yọ̀ǹda irú nǹkan bẹ́ẹ̀.

Wọ́n pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan. "Sáré."

Ó gbéra. Ní àkọ́kọ́, ó ń wo ẹ̀yìn. Nígbà tó yá, kò wo ẹ̀yìn mọ́. Iyanrìn ń fọ́n lẹ́sẹ̀ rẹ̀, Kọmándò ń tiro tẹ̀ lé e, àwọn méjèèjì sì forí lé ìpẹ̀kun pápá, níbi tí ògiri ti ya lulẹ̀ tí ènìyàn ti ń wo títì. Bàbá mi bẹ̀rẹ̀ sí í sáré.

"Màmá, ẹ pè é! Ó fẹ́ jáde!"

Mọ́ńdè ń pariwo pé, "Mama, e go lost o!"

Ìyá àgbà mi dúró síbi tí wọ́n wà. Wọ́n kó ọwọ́ sẹ́yìn, oòrùn ń ràn sí wọn lójú, wọ́n ń rẹ́rìn-ín bí ọmọdé.

"Ẹ jẹ́ kó máa lọ," ni wọ́n wí. "Egungun rẹ̀ ti gbó."